Ta Ló Ń Yan Ọjọ́ Ìrìn fún Awakọ̀?

Àdúrà kan wà tí a máa ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò: kí á má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nílé láìgba àdúrà yẹn, èmi náà sì ń ṣe àmín sí i tọkàntọkàn títí dòní. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe ẹni tó ń rán ọkọ̀ jáde ní ilé búrẹ́dì kan n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo sì ti wá rí i pé ẹni tó lè dúró, kí ó wo ojú ọjọ́, kí ó wo ara rẹ̀, kí ó ní òun ò rìn lónìí, òun ni àdúrà náà ń bá wí. Àgbẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó ń gba owó oṣù kò lè ṣe é. Ẹlòmíràn ló ń yan ọjọ́ fún un, òun náà ló ń yan wákàtí, tó ń yan ọ̀nà, tó ń yan ẹrù, tó sì ń yan ọkọ̀ tí yóò fi gbé e. Nílé iṣẹ́ wa, èmi ni ẹlòmíràn ọ̀hún.

Ọkọ̀ méje la ní. Wọ́n ń gbé búrẹ́dì lọ sí Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú-Òde. Búrẹ́dì kì í dúró de ènìyàn. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá oníbúrẹ́dì ní ìdájí ni wọn yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó bá dé lẹ́yìn yóò gbé ẹrù rẹ̀ padà wálé. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ wa àkọ́kọ́ fi ń jáde ní aago mẹ́rin ìdájí. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ wa tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá Ọ̀yọ́ tán, oorun gbé e lọ. Ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ igbó, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún awakọ̀ náà kán níbi méjì. Ọmọ tó jókòó tì í, Ọlọ́run yọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló bó. Nínú ìwé tí a kọ ní ọ́fíìsì, a ní: awakọ̀ sùn lọ. A fi ìlà sí i nídìí, ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tí mo lọ kí i níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, àgbàlagbà tó lè bí mi lọ́mọ ni, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ọ̀gá, ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ti lọ gbé e?" Mo ní, "Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, Bàbá. Ìgbà wo lẹ sùn gbẹ̀yìn ọjọ́ yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Mo délé iṣẹ́, mo ṣí ìwé ẹnu géètì. Ó ti jí lọ síṣẹ́ láti ìdájí ọjọ́ tó ṣáájú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti padà wá, torí pé ààrò wa kan bàjẹ́ lọ́sàn-án, ọ̀gá wa sì ti ní kí àwọn awakọ̀ wá ran àwọn tó ń kó búrẹ́dì lọ́wọ́ lóru. Ó ń kó búrẹ́dì títí di aago méjì kọjá. Aago mẹ́rin, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo aago wọ̀nyẹn sínú ìwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kan ṣoṣo, n kò sì rí ohunkóhun níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ ènìyàn fi kán.

Oorun kì í ṣe ìwà. Ẹni tó bá ní awakọ̀ òun jẹ́ ọ̀lẹ torí pé ó sùn lójú ọ̀nà kò tíì mọ ohun tí oorun jẹ́. Bí ara bá ti fẹ́ sùn, ọpọlọ a máa pa ara rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsọ fún ẹni tó ni ín. Ojú lè là sílẹ̀ kalẹ̀ kí ó má rí nǹkan kan. Ọkọ̀ tó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí ń rin mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, mítà 100: bí láti ojú góòlù kan sí èkejì lórí pápá bọ́ọ̀lù, tí ẹnì kankan ò sì di ìtọ́kọ̀ mú. Ara sì ní àsìkò tirẹ̀ tó máa ń béèrè oorun jù: láti nǹkan bí aago méjì òru títí di mẹ́fà ìdájí, àti ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ. Àsìkò àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ilé búrẹ́dì, ọkọ̀ ẹ̀fọ́, ọkọ̀ ẹja àti ọkọ̀ ìwé ìròyìn ń wà lójú títì.

Ní 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid, onímọ̀ méjì ní Australia, kọ àbájáde ìwádìí wọn sínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n rí i pé ẹni tó ti lajú fún wákàtí 17 gbáko, bí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ṣe ń lọ́ra dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n ọtí tí òfin ìrìnnà ilẹ̀ wa fi ààlà sí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá ka ti awakọ̀ wa: láti ìdájí ọjọ́ kan dé ìdájí ọjọ́ kejì. Bí awakọ̀ kan bá dé ẹnu géètì wa tó ń rùn fún paragà, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ti fi gbogbo òru kó búrẹ́dì, mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, mo sì ṣí géètì fún un.

Àbúrò mi kan ń wa ọkọ̀ ńlá nílùú Ọba. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un lórí fóònù, ó pariwo. Lọ́hùn-ún, bí awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀, dandan ni kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Wákàtí mẹ́sàn-án ni kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ kọjá lójúmọ́, àfi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó lè jẹ́ mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní tachograph. Ohun tó wú mi lórí jù ni èyí tó sọ kẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kọjá àsìkò, wọn ò ní mú èmi nìkan. Wọn á lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi pé báwo ló ṣe ṣètò iṣẹ́ tí mo fi kọjá àsìkò." Láti 1974 ni òfin ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti wà níbẹ̀, ojú ọ̀nà sì jẹ́ ibi iṣẹ́ fún ẹni tó ń wakọ̀ jẹun, bí ilé ẹ̀rọ ṣe jẹ́ ibi iṣẹ́ fún ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni. Wole Soyinka ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa ènìyàn bí ẹni ń pa ẹran, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sì wà lára àwọn tó ń bá a lọ. Kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní 1977, wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, òun ló sì ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Àwọn yìí ni gbogbo wa ń pè ní Ródì Séfútì. Láti 2007 ni wọ́n ti ní ètò kan fún ilé iṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ márùn-ún sókè: ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó ààbò àwọn ọkọ̀ àti awakọ̀ rẹ̀, kí ó sì máa ṣe àkọsílẹ̀. Ọkọ̀ méje la ní, òfin dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ akọ̀wé owó wa la kọ sínú fọ́ọ̀mù. Kò wakọ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì mọ̀ pé a kọ orúkọ òun síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ Bàbá kán, mo ní kí wọ́n yọ orúkọ akọ̀wé, kí wọ́n kọ tèmi.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn awakọ̀, mo bá wọn lọ ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ aago sílẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa dé Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bí 100 kìlómítà ni. Mo ti máa ń kọ wákàtí kan sí i nínú ìwé mi, torí pé wákàtí kan dùn ún kọ. Ṣùgbọ́n òfin ìrìnnà ọdún 2012 sọ pé ọkọ̀ akérò ò gbọ́dọ̀ sá ju 80 lọ lójú ọ̀nà tó gba ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ju 90 lọ ní òpópónà márosẹ̀. Tírélà àti ọkọ̀ agbépo, 50 àti 60 ni tiwọn. Ẹni tó bá ń sá 80 láìdúró rárá yóò lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ta ni kì í dúró? Ẹnu ọjà wà ńbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá wà ńbẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ tó tóóró láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń bẹ níwájú, àwọn tírélà òkè ọya sì ń fi ara gbá ara lórí rẹ̀. Kí awakọ̀ tó lè bá àkókò tí mo kọ mu, ó gbọ́dọ̀ rú òfin. Èmi tí n kò kúrò lórí àga ni mo kọ eré yẹn fún un.

Kí ni ó tilẹ̀ ń jẹ nínú eré náà? Ìṣẹ́jú 15 ni ìyàtọ̀ 80 sí 100 lórí ìrìn yẹn. Ohun tó fi ń san án nìyí. Agbára tó wà lára ọkọ̀ tó ń sá 100 fi ìdajì àti díẹ̀ ju ti èyí tó ń sá 80 lọ, gbogbo agbára yẹn ni bíréèkì gbọ́dọ̀ pa kí ọkọ̀ tó dúró. Kí ẹsẹ̀ tilẹ̀ tó dé orí bíréèkì, láti ìgbà tí ojú ti rí ewúrẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ lè ti lọ: mítà 33 fún ẹni tó ń sá 80, mítà 42 fún ẹni tó ń sá 100. Mítà mẹ́sàn-án ààrin wọn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó bọ́ọ̀sì kékeré méjì tí a tò tẹ̀léra. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà tí bíréèkì yóò lò kí ọkọ̀ tó dúró tún ń gùn sí i.

A tún ní owó kan tí a ń pè ní owó akọ́dé. Awakọ̀ tó bá kọ́kọ́ padà dé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà á. Àlàájà tó ni ilé búrẹ́dì ló dá a sílẹ̀, inú rere ló fi dá a sílẹ̀, ó fẹ́ fi kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí mo ní kí a pa á rẹ́, ó bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sùn lójú ọ̀nà ni?" Mo ní, "Àlàájà, mò ń bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sùn nílé." A fi owó náà kún owó oṣù gbogbo wọn dọ́gbadọ́gba. Iṣẹ́ tó le jù ni ti ìkópọ̀ búrẹ́dì lóru. A ní láti tanná sí ààrò ní wákàtí méjì ṣáájú bí a ti ń ṣe é, a sì gba ọkùnrin méjì tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa kó ẹrù sínú ọkọ̀. Owó wọn wọ Àlàájà lára. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá wo àwókù ọkọ̀ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí wọ́n kó wálé sí ẹ̀yìn sítọ́ọ̀, ó ní kí n lọ gbà wọ́n.

Ohun tí mo sọ yìí kò mọ sí ilé búrẹ́dì. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀sì fún awakọ̀ tó sì ní kí ó máa mú iye kan wá fún òun lójoojúmọ́, òjò ìbá à rọ̀, epo ìbá à wọ́n, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìbá à gbàlú kan, ó ti kọ eré fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé. Awakọ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe owó ẹni tó ni ọkọ̀, yóò ṣe owó epo, yóò ṣe owó gáréèjì, kí ó tó kan ti ọmọ rẹ̀; wákàtí tí yóò fi ṣe tọmọ rẹ̀ yẹn ló ń wá nígbà tó bá gba ọwọ́ òdì. Bákan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ àti ẹrù kiri l'Ékòó. Iye ẹrù tí wọ́n bá gbé dé ni owó wọn, oníbàárà sì ń wo fóònù pé ìṣẹ́jú mélòó ló kù. Láti 2016 ni Ródì Séfútì ti ń béèrè ẹ̀rọ adẹ́kun-eré lára ọkọ̀ tó ń ṣòwò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè mú ẹ́ńjìnnì so. Kò lè mú àdéhùn owó so.

Ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà awakọ̀ wa kì í fi irin ṣeré. Lọ́jọ́ ọdún Ògún ní gáréèjì, wọ́n á fọ ọkọ̀ títí yóò fi máa dán, wọ́n á so màrìwò mọ́ ọn níwájú, ẹ̀jẹ̀ ajá á sì kàn án. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ọkọ̀ dé abẹ́ yóò rí ohun tó bá ń jò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò tó. Aago mẹ́ta àbọ̀ ìdájí ni a wá ń ṣe tiwa, lójoojúmọ́, èmi àti awakọ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Táyà la fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó ṣí ni a ń wọn atẹ́gùn rẹ̀, torí pé táyà tó ti rìn ti gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ sì ti wú. Ìwọ̀n rẹ̀ yóò purọ́ fún yín. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó léwu ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde bí ọkọ̀ ti ń yí, ìwọlé-jáde yẹn ń mú un gbóná, títí àwọn wáyà inú rẹ̀ yóò fi já, tí yóò sì bú gbàmù lórí eré. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń wá nọ́ńbà mẹ́rin kan lára rẹ̀, ní ìparí àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ní ìdájí ọjọ́ kìíní tí mo wá a, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ Ìwó, táyà dúdú tó ń dán, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà níye tó gunpá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tòkunbọ̀. Mo nu ẹrẹ̀ kúrò lójú nọ́ńbà náà: 1109. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2009. Rọ́bà náà ti gbẹ, ẹnìkan ló fi nǹkan dúdú kùn ún lójú. Nígbà tí fọkanáísà fi irin ṣí i kúrò lára róòmù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ inú ti là tẹẹrẹ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Awakọ̀ ọkọ̀ náà dúró tì mí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó là náà.

Lẹ́yìn táyà, ó kan bíréèkì, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, wáípà, bẹ́líìtì ìjókòó, C-caution. Ìwọ̀nyí kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun kan tí n kò rí nínú ìwé kankan, àwọn awakọ̀ ló fi hàn mí: ìgò omi òfìfo tó wà nílẹ̀ níwájú àga awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìgò á yí lọ sábẹ́ bíréèkì, bíréèkì ò sì ní lè wọlẹ̀. Ìgò ọ̀fẹ́, tí ènìyàn ti mu omi inú rẹ̀ tán.

Ẹrù náà ní òfin tirẹ̀. Búrẹ́dì fúyẹ́, àmọ́ a tún ń gbé omi inú ọ̀rá. Àpò ọ̀rá omi kan, ogún ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà: lítà mẹ́wàá, ìyẹn kílò mẹ́wàá. Ọgọ́rùn-ún àpò jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. A ń kó igba àti àádọ́ta sínú ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ, torí pé àyè ṣì kù. Àyè lojú rí. Bíréèkì ló mọ ìwúwo.

Mo fẹ́ sọ ti fóònù, torí pé òun ló dójú tì mí jù. A ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé fóònù lójú ọ̀nà. Ta ló wá ń pè wọ́n? Èmi ni. "Ẹ ti dé ibo? Ìyá Ìwó ń pariwo o." Bí awakọ̀ ò bá gbé e, mo tún pè, bí ó bá gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, mo bá a jà pé kò gbé e lẹ́ẹ̀kìíní. Ìwé ara ògiri ń sọ tirẹ̀, ìdí owó rẹ̀ sì ń sọ fún un pé kí ó gbé e. A wá ṣe òfin náà fún ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ pe awakọ̀ tó bá wà lójú ọ̀nà. Òun ni yóò máa pè wá, láti ibi méjì tí a ti fi ẹnu kò sí, lẹ́yìn tó bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ ń yún mi. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ báyìí: 122 ti Ródì Séfútì, tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é nígbà ewu.

Ojú awakọ̀ wà lára ohun tí a kì í béèrè. A gba láísẹ́ńsì wọn wò, láísẹ́ńsì sì péye. Nígbà tí mo ní kí wọ́n ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó dúró sí ogún mítà, awakọ̀ kan tó ti bá wa ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ ṣeré. Mo pè é sẹ́yìn sítọ́ọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò purọ́ fún yín, lóru iná ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú ni mo máa ń tẹ̀ lé." Ọdún mẹ́rin! Ẹ̀rù ń bà á pé a ó lé e dànù, kò sì ṣàṣìṣe, torí bó bá jẹ́ ọdún kan ṣáájú ìgbà yẹn ni, mo lè ti lé e. Ilé iṣẹ́ ra ìgò ojú fún un. Ó padà dé láti Ifẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó lò ó, ó ń ka àwọn pátákó ẹ̀bá ọ̀nà fún wa bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé.

Ìbẹ̀rù yẹn ló ń sin ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Bí ewu bá fo ènìyàn ru, a ó kí i pé ẹ kú ewu, ewu iná kì í pa àwòdì. A ó dúpẹ́, a ó sì gbàgbé. Ìkíni tó dára ni, n kò ní kí á má kí ara wa. Mo kàn fẹ́ kí ìbéèrè kan tẹ̀ lé e: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, níbo, láago mélòó? Mo ra ìwé kan, a sọ ọ́ ní Ìwé Ó-Kù-Díẹ̀. Mo búra níwájú Àlàájà pé a ò ní yọ owó ẹnikẹ́ni torí ohun tó bá sọ sínú rẹ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ewé funfun ni. Ẹni tó kéré jù láàárín wọn ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀: ó kù díẹ̀ kí òun rọ́ lu tírélà tó bàjẹ́ sílẹ̀ lórí òkè kan nínú òkùnkùn, tí kò tan iná, tí kò sì gbé àmì kankan sílẹ̀ lẹ́yìn. Bó ti sọ ọ́ tán, ẹlòmíràn ní òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ẹ̀kẹta ní òun tilẹ̀ ti yí ìtọ́kọ̀ wọ igbó níbẹ̀ rí. Ibì kan náà, orí òkè kan náà, níbi tí ẹ́ńjìnnì àwọn tírélà ti máa ń kú. Ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì sọ fún èkejì rẹ̀. A sún àkókò ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ síwájú ní ogójì ìṣẹ́jú, kí ilẹ̀ lè ti máa mọ́ bọ̀ nígbà tí wọ́n bá dé orí òkè náà. Oníbàárà méjì bínú kúrò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan padà.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ọdún kejì tí a ti bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí, awakọ̀ Ìwó wọ géètì, ó dúró níwájú mi, kò wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ara ọmọ mi gbóná lánàá. Ọwọ́ mi ló wà mọ́jú. Mi ò lè lọ." Mo mọ ohun tí ǹ bá ti sọ látijọ́. Ǹ bá ti ní, "Ẹ ṣáà rọra máa lọ." Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́, bí ẹni pé ìrọra máa ń lé oorun lọ. Búrẹ́dì ti wà nínú ọkọ̀, ó ṣì ń gbóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo fi í kọ́ orí ìṣó. Mo pe àwọn ìyá Ìwó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ohun tó wà nínú wọn fún mi. A pín díẹ̀ nínú búrẹ́dì náà sínú ọkọ̀ Ọ̀yọ́, a tà díẹ̀ lẹ́nu géètì, èyí tó kù di ti àwọn òṣìṣẹ́.

Ó lọ dùbúlẹ̀ sórí àpò ìyẹ̀fun nínú sítọ́ọ̀, kò sì mira títí aago mẹ́sàn-án fi lù. Nígbà tó jí, ó wá bá mi, ìyẹ̀fun funfun ní gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti gba ẹlòmíràn sípò òun. Mo ní kí ó pe ilé béèrè ara ọmọ, kí ó fọjú, kí ó jẹun. Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ọ̀sán ń dúró dè é.